Búrẹ́dì Tó Wà Nínú Àpò Mi

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé etí ọ̀sà láti kọ́ṣẹ́ ẹja, sálúbàtà mi ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ gé. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ, mo bọ́ ọ, mo rò pé ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ ló kọ bàtà létí omi. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fa ọ̀bẹ yọ, wọ́n ti gé rọ́bà náà sí wẹ́wẹ́ bí iṣu tí wọ́n fẹ́ sè. Wọ́n lu ihò sára ọ̀kan, wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́, wọ́n jù ú sómi, ó sì léfòó. "Ohun tó máa sọ fún ẹ pé ẹja ti dé nìyẹn," ni wọ́n wí. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn délé ní Addo lọ́jọ́ náà, títì sì gbóná.

Bàbá Délé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n lápá Ajah, wọ́n sì ti ń fi ìwọ̀ pẹja kí àwọn ẹ̀sítéètì tó gba etí omi. Èmi ní tèmi, bíríkìlà ni mí. Ìkìrun ni mo ti wá máa kọ́lé ní Ìkátẹ. Nígbà tí ẹni tó ni ilé tí à ń kọ́ dá iṣẹ́ dúró, tí kò sì yọjú mọ́, ni aládùúgbò mi kan mú mi lọ bá Bàbá. Wọ́n wo ọwọ́ mi tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ, wọ́n ní ọwọ́ náà ti le jù fún okùn, ṣùgbọ́n ó dára fún gbígbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ yẹn, Bíríkìlà ni wọ́n ń pè mí, títí tí mo fi gbàgbé bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù.

Èèrí ògì ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ìyàwó wọn, Màmá Délé, ń ṣe ògì tà ní Addo. Èèrí tó bá ṣẹ́kù nínú asẹ́ lẹ́yìn tí Màmá bá sẹ́ ògì tán, Bàbá ló ń gbé e lọ fún ẹja. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ a máa wá bẹ Màmá pé kí wọ́n tà á fún àwọn, Màmá a sì dá wọn lóhùn pé àwọn ọmọ inú omi ti gba tiwọn.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń da èèrí sómi kí Bàbá tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwọ̀. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àṣé iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa ni pé ìwọ apẹja á wá ibì kan létí ọ̀sà tí omi rẹ̀ kò jìn jù, wàá ri ọ̀pá ọparun mọ́ ibẹ̀, wàá sì so aṣọ mọ́ ọn lórí. Ẹni tó bá rí ọ̀pá náà ti mọ̀ pé ibẹ̀ ní olówó orí, kò ní ju ìwọ̀ síbẹ̀. Aṣọ funfun tí wọ́n gé lára sùtánà wọn àtijọ́ ni Bàbá so mọ́ tiwọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wàá fi bọ́ ẹja níbẹ̀ láìfi ìwọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, oúnjẹ kan náà ni wàá fi bo ìwọ̀.

Ẹ̀pìyà ni à ń wá jù. Ẹnu rẹ̀ kéré, nítorí náà ìwọ̀ kékeré ni, okùn tín-ín-rín tí kò ní hàn nínú omi, àti òjé tí kò ju hóró àgbàdo lọ. Láti mọ ibi tí ẹja wà, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbá ìdọ̀tí àti fóòmù lọ, oúnjẹ máa ń tẹ̀lé e. Ẹ wo etí ojú oró, nítorí ẹja fẹ́ràn ìbòòji. Tí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ahọ́n tọ́ omi wò. Bí iyọ̀ òkun bá ti wọ inú ọ̀sà, púpọ̀ nínú àwọn ẹja yìí á ti ṣí lọ sápá òkè níbi tí omi ò ti níyọ̀ púpọ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan láti Oníru tó gbé àga, fìlà àti ọ̀pá ìwọ̀ olówó ńlá wá, tó jókòó sínú omi iyọ̀ látàárọ̀ dọ̀sán. Ìdẹ márùn-ún ló pààrọ̀. Akàn kan ṣoṣo ló mú, akàn náà sì gé okùn rẹ̀.

Bàbá kórìíra kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ìdẹ. "Ẹ̀pìyà kì í ṣe òmùgọ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Oúnjẹ tó o bá fi kọ́ ọ ló mọ̀. Tó o bá yí i padà, á yẹra fún ẹ bí ọmọ tí wọ́n bu oògùn sínú ẹ̀kọ rẹ̀."

Mo bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ni inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí wú. Wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù, Màmá sì palẹ̀ ẹrù mọ́ tẹ̀lé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Bàbá di ọwọ́ mi mú nínú mọ́tò.

"Bíríkìlà, má jẹ́ kí ẹja mi gbàgbé mi o."

"Mi ò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Máa bọ́ wọn lójoojúmọ́. Má fi ìwọ̀ síbẹ̀. Tí mo bá dé, èmi ni màá kọ́kọ́ ju ìwọ̀ síbẹ̀."

Mo ṣèlérí. Tọkàntọkàn ni mo sì fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n Màmá ti lọ, kò sẹ́ni tó ń ṣe ògì nílé, èèrí sì tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ológì kún Addo. Tí mo bá jí lówùúrọ̀, tí mo rìn dé ọ̀dọ̀ méjì nínú wọn, màá rí èèrí. Mi ò lọ. Ilé búrẹ́dì kan wà lẹ́yìn ilé mi, wọn a máa kó èyí tó bá ti gbẹ fún ẹni tó bá fẹ́. Mo bá ń kó búrẹ́dì. Mo lè sọ pé ọwọ́ mi dí, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹja gba búrẹ́dì náà ju bí wọ́n ṣe ń gba èèrí lọ. Tí mo bá jù ú, omi á máa hó yéè nídìí ọ̀pá Bàbá. Inú mi dùn. Mo ń lọ kí wọn ní ọsibítù, mo ń ròyìn fún wọn pé ẹja ti pọ̀, pé wọ́n ti tóbi, ojú wọn a sì mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé wọ́n ń jẹ èèrí wọn?"

"Wọ́n ń jẹun dáadáa, Bàbá."

Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko.

Nígbà tó yá, dókítà ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sílé. Gbogbo wa mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, àwọn fúnra wọn sì mọ̀ ọ́n. Wọn ò bèèrè nǹkan púpọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn mú ẹ̀pìyà kan nídìí ọ̀pá àwọn, kí Màmá fi se ọbẹ̀ fún àwọn, ó tán. Màmá rẹ àgbàdo nítorí èyí nìkan. Wọn ò ta ògì náà, wọ́n pín in fún àwọn ará ilé, wọ́n gbé èèrí fún Bàbá.

Mo pọ̀n wọ́n lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti fúyẹ́ débi pé báàgì sìmẹ́ǹtì wúwo jù wọ́n lọ. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀. Wọ́n gbàdúrà díẹ̀ lórí omi, wọ́n da èèrí sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ ìdẹ sára ìwọ̀, wọ́n jù ú. Rọ́bà sálúbàtà dúró lójú omi, a sì ń wò ó.

Àwọn ẹja wá. Mo rí ẹ̀yìn wọn, Bàbá náà rí i. Wọ́n gbé ẹnu sókè, wọ́n yí èèrí náà po, wọ́n padà. Wọ́n tún wá, wọ́n tún padà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ó wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká, torí mo ti kó o dání láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ọwọ́ mi wọ inú àpò náà. Mo fọwọ́ kan búrẹ́dì. Mo ní tí ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ lókèèrè yẹn bá kọjá tí rọ́bà ò mì, màá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ náà kọjá. Mo ronú bí ojú Bàbá ṣe máa rí tí wọ́n bá gbọ́ pé mo ti ba ibi tí wọ́n fi ogójì ọdún bọ́ jẹ́, ojú sì tì mí. Mo yọ ọwọ́ mi jáde.

"Wọ́n wà níbẹ̀," ni Bàbá wí. "Wọ́n ń wò mí. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi."

"Bóyá oòrùn ló mú jù, Bàbá."

Wọ́n wo ojú ọ̀run. Kùrukùru bò ó. Wọ́n ká okùn wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Omi ti kọ̀ mí, Bíríkìlà. Gbé mi lọ sílé."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde láyé.

Lẹ́yìn tí a sin wọ́n, mo lọ sídìí ọ̀pá náà. Mo da búrẹ́dì sílẹ̀, mo sì fi búrẹ́dì bo ìwọ̀. Kí rọ́bà tó dúró dáadáa lójú omi, ẹja ti fà á lọ. Ẹ̀pìyà tó sanra ni, mi ò rí irú rẹ̀ níbẹ̀ rí. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mo gbé e lọ fún Màmá Délé.

Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá ti ń ṣe é. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ha ìpẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n la ikùn rẹ̀, ọwọ́ wọn sì dúró.

"Bíríkìlà, kí lèyí?"

Ó funfun, ó rọ̀, ó wà lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Búrẹ́dì ni, Màmá."

"Búrẹ́dì báwo?"

Mo sọ ọ́ fún wọn látòkè délẹ̀, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Màmá ò pariwo. Ìbá dùn mọ́ mi ká ní wọ́n pariwo.

"Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà nínú àpò mi."

Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n nù ún sára ìró.

"Ọkọ mi ní kí n bá àwọn bẹ Ọlọ́run, pé àwọn ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ṣẹ̀ tí omi fi kọ àwọn. Títí wọ́n fi dákẹ́, a ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìpẹ́ ẹja níbẹ̀. Wọn ò ní kí n dìde, wọn ò sì ní kí n máa lọ. Nígbà tó yá, mo dìde fúnra mi, mo lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo bá bọ́kẹ́ẹ̀tì Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Èèrí ló kún inú rẹ̀. Mi ò rí ẹni tó gbé e wá, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bi? Mo gbé e lọ sómi. Àwọn ẹja wá, wọ́n wò ó, wọ́n yíjú padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi náà ń dá òfìfo rẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà Màmá.

Lónìí, àwọn èèyàn ẹ̀sítéètì ni mo ń kó wọnú ọkọ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja. Mo ń kọ́ wọn ní ìwọ̀ kékeré, mo ń kọ́ wọn ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Ẹ̀yìn náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé bí ẹ bá ń bá ẹlòmíì bọ́ ẹja, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fún un jẹ fún olúwarẹ̀. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣeré ni.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kọ́kọ́ dé kí àwọn ẹja tó gba èèrí. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ hó yéè, mo fi èèrí bo ìwọ̀, mo mú ọ̀kan péré, mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n gbà á. Wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n fi ìka tú u wò, wọ́n sì pè mí kí n wá wò ó. Èèrí ni, bó ṣe jáde nínú asẹ́ wọn gan-an.

"Ẹja ti rántí Bàbá ẹ," ni Màmá wí.

Mo bú sẹ́kún.