Píìṣì Tí Wọ́n Fẹnu Sè ní Japan

"Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o! Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi!"

Bí bàbá àgbà aládùúgbò wa ṣe máa ń kígbe nìyẹn láti ìdí sítóòfù rẹ̀ ní Tucker, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, tí èso píìṣì bá ti ń hó nínú ṣúgà, tí bọ́tà ń yọ́ lójú rẹ̀, tí òórùn dídùn náà ti wọ ilé tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ni, ó gùn, ó tín-ín-rín, etí rẹ̀ ò sì gbọ́ dáadáa mọ́, nítorí náà igbe ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n màmá mi ò gbà. "Grandpa" ni àwa ń pè é.

Ní Sátidé ìgbà ooru, èmi àti àbúrò mi obìnrin á gun àga gíga inú kíṣìnì rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì fẹnu se píìṣì yẹn, kó sọ bó ṣe rí àti bó ṣe ń dùn, kò ní jẹ ẹ́.

"Báwo ni ìyẹ̀fun gbígbẹ tó wà lókè rẹ̀ yẹn ṣe máa ń dún lẹ́nu?"

"Kràá!" ni àbúrò mi á wí, Grandpa á sì rẹ́rìn-ín títí ṣíbí á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọ ogun ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ogun Japan mú òun ní òǹdè, wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lọ sí àgọ́ kan ní Japan láti máa wa èédú. Ìrẹsì díẹ̀ àti ọbẹ̀ olómi tooro ni oúnjẹ wọn. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á nà sórí ẹní, oníkálukú á máa fẹnu se oúnjẹ ilé ìyá rẹ̀ fún àwọn tó kù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Georgia, ló ń se píìṣì.

"Ó sè é títí mo fi mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń kó ṣíbí sí," ni Grandpa wí. "Nítorí píìṣì yẹn ni mo ṣe kó wá síbí."

Lọ́dún kan, ọ̀rẹ́ náà tẹ̀ ẹ́ láago láti Texas pé òun ń bọ̀. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí ogun ti parí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ náà máa dé, Grandpa ń wọn ṣúgà, ó tún ń tún un wọ̀n.

"Tí kò bá rí bíi ti ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Màmá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti night shift dé, dúró pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó ń bá a gé píìṣì. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ata ilẹ̀ tẹ́ ẹ fi sí i yìí nìkan ti tó."

Àlejò náà dé tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bu ṣíbí kan sẹ́nu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àfi bí ẹni pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni.

"Ìyá mi ò fi ata ilẹ̀ sí i rí láyé!"

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!"

"Ebi ló ń pa mí nígbà náà! Ohun tó bá ti wá sí mi lọ́kàn ni mò ń dà sí i!"

Ẹ̀rín mú kí Grandpa di tábìlì mú kó má baà ṣubú. "Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni?"

"Má dán an wò! Ó dùn ju ti ìyá mi lọ."

"Ẹ má jẹ́ kí màmá yín gbọ́ o, sà!" ni màmá mi wí, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Grandpa ti lọ sinmi báyìí. Èmi náà ti di nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn kan ní Marietta. Tí aláìsàn kan bá ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn, n kì í bá a jà. Mo máa ń fa àga, mo máa ń ní kó sọ ohun tí wọ́n ń sè nílé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé fún mi. Ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ọwọ́ rẹ̀ á máa ro nǹkan nínú afẹ́fẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń jẹun lẹ́yìn náà, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tí kò rẹ́rìn-ín.