Pápá tí A Fi Ọ̀wọ̀ Ṣán

Àánú ló pa pápá yẹn. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀tá kan ló wá, tàbí pé ìjọba ló rán katakata. Àwọn èèyàn wa ni, Yorùbá bíi tèmi, ọmọlúwàbí tó mọ bí a ṣe ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Ìdí nìyẹn tí ìbínú mi ò fi rí ibi jókòó sí.

Màmá tí ọ̀rọ̀ pápá náà jẹ lógún jù, ọmọ Australia ni wọ́n, akéwì ni wọ́n, ilé wọn ló tẹ̀ lé tèmi ní Mission Bend. Ọmọ wọn obìnrin, ẹnjiníà ní Clear Lake, ló mú wọn wá sí Houston nígbà tí ara ń dara àgbà. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà mo máa ń lọ kàwé fún wọn lọ́sàn-án. Lítíréṣọ̀ ni mo kọ́ ní yunifásítì nílé kí n tó wá di ẹni tó ń ka oògùn sínú ike níhìn-ín. Lẹ́nu wọn ni mo ti tún gbọ́ èdè ewì tí mo ti kọ́ rí.

Orí oko màlúù ni wọ́n dàgbà sí. Bàbá àgbà wọn gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ láìtọrọ, láìbẹ̀bẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dárúkọ àwọn onílẹ̀ yẹn nídìí oúnjẹ. Ohun tí Màmá fi gbogbo ewì wọn bèèrè nìyẹn: ta ló wà níbí kí á tó dé? Ìbéèrè náà ló gbé wọn kúrò nídìí tábìlì. Wọ́n jà fún igbó, wọ́n jà fún odò, wọ́n jà fún etíkun kan tí àwọn elépo fẹ́ gbẹ́. Wọ́n dúró níwájú katakata, ọlọ́pàá gbé wọn, wọ́n jáde, wọ́n tún padà lọ dúró.

Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ẹ̀rù ò bà yín ni?”

“Ó bà mí. Àmọ́ ẹ̀rù ba ẹni tó ń wa katakata jù mí lọ. Ó mọ̀ pé ìyá òun ń wo tẹlifíṣọ̀n.”

Ní igun àdúgbò wa, ilẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí. Koríko ibẹ̀ ti wà ṣáájú ilé, ṣáájú freeway, ṣáájú kọnkéré. Ó ga dé èjìká èèyàn. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, á pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ewéko kan wà láàárín rẹ̀ tó ní oje funfun bíi bomubomu ilé wa, ibẹ̀ ni labalábá máa ń yé sí. Màmá ló fi gbogbo èyí hàn mí. Àwọn ará àdúgbò ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju igbó, ejò àti ẹ̀fọn lọ. Ṣé mo lè dá wọn lẹ́bi? Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìyá mi máa ń gbá àgbàlá títí ìlà ìgbálẹ̀ á fi hàn lórí erùpẹ̀. Bí koríko bá hù lójúde ẹnì kan, a ó ní ilé náà ti di ahoro.

Ẹni tó ni ilẹ̀ náà fẹ́ tà á. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ibi ìfọmọ́tò ń dúró, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo irú pápá àtijọ́ bẹ́ẹ̀ náà ń dúró. Ẹgbẹ́ yìí ní àwọn á rà á, bí amòye àwọn bá lè wá fojú ara rẹ̀ rí i pé ojúlówó ni. Màmá fi ọdún tó kù nínú ayé wọn bẹ ẹni tó ni ilẹ̀ kó ní sùúrù, wọ́n bẹ ẹgbẹ́ náà kó tètè wá. Nígbẹ̀yìn, amòye dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá kú ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn ni pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pápá náà títí amòye á fi dé.

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwa Yorùbá àdúgbò. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp. Alága ìpàdé fúnra rẹ̀ fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀, òórùn koríko tútù pàdé mi kí n tó yà sí àdúgbò. Alága dúró láàárín ilẹ̀ náà tòun ti fìlà oòrùn. Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti wà ní Houston láti ìgbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ọmọ tuntun tó dé láti ilé tí kò bá wá ilé gbé. Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ló kó dání, tàwọn ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Gbogbo pápá ti wà nínú àpò dúdú létí títì.

“Àbúrò, káàbọ̀. Wo bí ibẹ̀ ṣe mọ́.”

“Bọ̀dá, ta ló ní kí ẹ gé e?”

“Ṣé a ń dúró de àṣẹ ká tó ṣe ẹ̀tọ́ fún òkú àgbà ni? Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Australia. Ṣé inú igbó ni kí wọ́n gbé mọ́tò sí?”

“Mo kọ ọ́ sí yín. Ẹ fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn.”

“Mo rò pé ò ń kéde òkú ni. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ máa ń gùn.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ bo ẹnu. “Auntie, abeg, no vex. E go grow back. Na grass.”

Mo fẹ́ bú u. Àmọ́ ó ti wà nínú oòrùn Houston láti àárọ̀, kò gba kọ́bọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ìyàwó Alága gbé omi tútù fún mi. Alága ní, “Ó yẹ kó o kí àwọn ọmọ yìí.” Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Ẹ ṣé, Bọ̀dá, ẹ ṣé.” Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ń korò lẹ́nu mi.

Amòye dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun bó ṣe wí. Ó rìn yíká, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa kùkùté koríko wò. Ó ní òun gba ohun tí mo sọ gbọ́, àmọ́ òun ò lè jẹ́rìí sí ohun tí òun ò rí. Òdòdó àti irúgbìn tí òun ì bá fi dá a mọ̀ ti lọ. Ó ní kí n pe òun nígbà tó bá tún hù. Ẹni tó ni ilẹ̀ ní òun ò lè dúró de koríko. Ó tà á fún àwọn afọmọ́tò.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Alága dìde lórí ilẹ̀ pípá náà, ó ní Màmá fẹ́ràn ohun tí Ọlọ́run dá. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọmọ wọn tó wá láti Clear Lake sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àdúgbò pé a tún ibẹ̀ ṣe.

Màmá ti sọ fún mi rí pé ohun tí ojú rí lára koríko yẹn kò tó nǹkan, gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju èèyàn tó nàró lọ. Nítorí náà, kí katakata tó dé, mo gbé ṣọ́bìrì lọ. Ìyàwó Alága bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì tó ti ṣófo. N ò pè é.

Ó ní, “Má sọ fún Bọ̀dá rẹ o. Á ní ká lọ ra òdòdó oníke ní mall.”

A gbẹ́ títí apá fi ro wá. Gbogbo ibi tí ṣọ́bìrì bá ti wọlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ tí gbòǹgbò ń já. Kọnkéré ló wà lẹ́yìn ilé mi, nítorí náà ojúde ni mo gbìn wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ló kú. Díẹ̀ yọ ewé tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ga.

Lánàá, Alága pè mí.

“Àbúrò, koríko ojúde rẹ ti ń di nǹkan míì o. Ṣé ara ò yá ni? Màá rán àwọn ọmọ yẹn wá lọ́la. Ọ̀fẹ́ ni.”

“Bọ̀dá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ràn mí lọ́wọ́.”

“Ó ti rẹ̀ ọ́. Lọ sùn. Ṣé ojú wa ni ilé rẹ á ṣe di ahoro?”

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Mo gbé àga sáàárín koríko, mo sì jókòó. Ìró ẹ̀rọ kan ń bọ̀ láti igun àdúgbò. Kì í ṣe ọ̀tá ló ń tì í bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ni. Á dọ̀bálẹ̀, á ní “Ẹ káàárọ̀ mà,” á wá dúró kí n dìde.