Ọjọ́ Tí Mo Lọ Wá Àṣìṣe Nínú Iṣẹ́ Ganíyù

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n ka orúkọ àwọn ilé tí àlejò máa wọ̀ lọ́dún náà fún wa, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ń ṣèpàdé ọdún àdúgbò. Ṣadé akọ̀wé ló ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé báyìí, oníṣẹ́ báyìí. Mo ti gé èékánná mi, mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n máa ní kí ẹni tí wọ́n bá fún ní ilé Màmá Fọlárìn dìde kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ṣadé gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé Màmá Fọlárìn, Ọ̀gá Ganíyù."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo pa á ju ẹnikẹ́ni lọ, kí wọ́n má baà wo ojú mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan gbóná wá láti inú ikùn mi, ó gun àyà, ó dúró sí ọ̀fun, mi ò sì rí i gbé mì títí mo fi délé.

Káfíńtà ni mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni Ganíyù. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú àwa méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sálámì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ọ̀yìngbò. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, ka ìwà mi fún Ọ̀gá bí ẹni ń ka èsì ìdánwò. Bàbá Ganíyù ò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Ọ̀gá fún wa ní pákó kọ̀ọ̀kan àti ayùn, ó ní ká gé e gba ojú ìlà. Tèmi tọ́ rekete. Ti Ganíyù wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wá sáńpépà, ó ti fi ra ẹnu ibi tó gé títí ó fi ń tàn. Ti Ganíyù ni Ọ̀gá gbé sókè tó fi han oníbàárà tó jókòó tì í. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọwọ́ Ganíyù ju ọwọ́ ara mi lọ.

Bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́, ó wá hàn pé ibi tí ọwọ́ wa yí sí yàtọ̀. Ohun tí ojú ń rí ni ti Ganíyù: ọnà ara ilẹ̀kùn, àwọn òpó kéékèèké ara àtẹ̀gùn, fèrèsé onípákó tó máa tàn bíi dígí. Tèmi ni ìsopọ̀. Tí igi méjì bá máa pàdé, a máa ń gbẹ́ ihò sí ara ọ̀kan, a ó gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu èkejì, a ó ti ahọ́n yẹn bọ inú ihò kí wọ́n di ara wọn mú láìsí ìṣó. Tó bá dára, ojú ò ní rí i. Ìyẹn gan-an ni wàhálà tèmi: tí mo bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan.

Ìgbà kan wà tí mo kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ìyá kan tó ń gbé ní fúláàtì òkè ní Àgùdà. Mo wọn ògiri, mo wọn ilẹ̀kùn, mi ò wọn àtẹ̀gùn. Nígbà tí a gbé e dé ìdajì àtẹ̀gùn, kò lọ sókè mọ́, kò sì ṣeé gbé sọ̀ kalẹ̀. Ìyá yẹn wà lókè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀, kò lè gòkè. Ganíyù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ẹ̀wù, ó bá mi tú kọ́bọ́ọ̀dù náà palẹ̀ ní pákó kọ̀ọ̀kan, a tún un kàn nínú yàrá, kò sì sọ fún Ọ̀gá títí Ọ̀gá fi kú. Ó yẹ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ohun tí mo rò lọ́jọ́ náà ni pé ó tún ti borí mi.

Nígbà tí ọdún àdúgbò bẹ̀rẹ̀, a ti di ọ̀gá láyè ara wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń háyà ilé ní Yábà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílé àtijọ́ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ilé tí àwọn bàbá wa kọ́ ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó mọyì wọn. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ tí àwọn ọmọ sì wà ní họlidé, wọ́n máa ń ti ojú pópó pa. Àwọn onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì máa ṣáájú, àwọn ọmọ iléèwé á tẹ̀ lé wọn, àwọn àgbà àdúgbò á sì wọṣọ funfun wá lẹ́yìn. Bí ìwọ́de bá ti ń lọ, àwọn onílé á ṣílẹ̀kùn fún àlejò láti wọlé wá wo àtẹ̀gùn, àjà àti fèrèsé. Àwa oníṣẹ́ la máa ń tún wọn ṣe ṣáájú, a ó sì dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà láti ṣàlàyé.

Ilé tó wà ní ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fún mi. Tí àwọn èèyàn bá fi dé ọ̀dọ̀ mi, ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń béèrè. Ganíyù ni wọ́n máa ń yà ní fọ́tò. Ganíyù ni rédíò pè.

Ilé Màmá Fọlárìn ni gbogbo wa sì ń fẹ́. Bàbá rẹ̀ àgbà tó ṣiṣẹ́ nínú rélùwéè ló kọ́ ọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní bákónì onígi tó yọ síta sójú pópó, níbi tí ìwọ́de máa ń gbà kọjá. Màmá fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ ọdún, Ganíyù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Káyọ̀, jọ̀ọ́, wá bá mi wo òpó igun bákónì yẹn. Mo fi oríkèé ìka kàn án, ohùn rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwọ lo mọ ibi tí igi ti ń pàdé."

"Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Ó wo àyíká. Àpótí ìjókòó kan péré ló wà níwájú mi, mo sì ti parí ẹ̀ látàná. Ó ní, "Kò ní gbà ju wákàtí kan lọ."

"Ganíyù, mo ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ṣebí ìwọ ni wọ́n fún nílé náà?"

Ó ní kò burú, ó lọ. Mo jókòó sórí àpótí yẹn, inú mi sì dùn. Mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ ọdún, mo ti ilé kékeré tí wọ́n fún mi pa fún ìgbà díẹ̀, mo dé fìlà, mo tẹ̀ lé àwọn àlejò wọ ilé Màmá Fọlárìn bí ẹni tí kò mọ ìdí ayùn. Àṣìṣe ni mo wá wá.

Mi ò rí i lára àtẹ̀gùn. Mo fi ọwọ́ ra gbogbo òpó kéékèèké ibẹ̀, ó dán bí awọ ọmọ tuntun. Ó ti pààrọ̀ mẹ́rin nínú wọn, n ò sì mọ èyí tó jẹ́ tuntun, èmi tí mo mọ ọwọ́ rẹ̀ láti kékeré. Nísàlẹ̀, mò ń gbóhùn rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń ṣàlàyé, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Mo jáde sí bákónì. Èèyàn bíi márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo lọ tààrà síbi òpó igun, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi oríkèé ìka kàn án nídìí. Igi tó bá lera máa ń dún kó. Èyí ní bùù, bí ìgbà téèyàn kan páálí. Ọ̀dà tuntun wà nídìí rẹ̀, ó nípọn ju ti ibòmíì lọ. Mo fi èékánná họ ọ́, pọ́tì rírọ̀ tí a fi ń dí ihò ara igi ló wà lábẹ́ ọ̀dà.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe. Mo ti rí i! Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rí i.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mi ò fẹ́ràn láti máa sọ. Mo dìde, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mi ò sọ nǹkan kan. Mo rò ó pé tí òpó náà bá mì díẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, tí ẹnì kan kígbe, tí Ṣadé sáré wá, wọ́n á mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n fún nílé yẹn. Kó mì díẹ̀ ni, kì í ṣe kó wó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá igi jíròrò, bí ẹni pé igi máa gbọ́.

Fèrè dún láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Ìwọ́de ti dé. Àwọn tó wà ní pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ gòkè. Márùn-ún di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ogún, gbogbo wọn ń nà sí iwájú kí wọ́n lè ríran. Mo ṣì dúró.

Ìgbà náà ni Màmá Fọlárìn jáde, ó fi ọ̀pá la àárín wọn kọjá. "Ẹ yà fún mi. Ibi igun yẹn ni mo máa ń dúró sí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé." Ó rí mi. "Káyọ̀dé, o ò kí mi?"

Ó na ọwọ́ sí òpó igun láti fara tì í. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́ mú, ọ̀pá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara tì í! Gbogbo yín, ẹ wọlé! Ẹ kúrò ní bákónì!"

Wọ́n ń wò mí. Ẹnì kan ní kí ni bàbá yìí mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n wọlé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ganíyù sáré gòkè, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Káyọ̀! O ò lè jẹ́ kí n gbádùn ọjọ́ kan ṣoṣo?" Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ má dá a lóhùn. Ìlara ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é."

Fèrè ń dún nísàlẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń jowú rẹ. Wá fọwọ́ ti òpó yìí."

Ó kọjá lára mi tìbínú-tìbínú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òpó náà, ó tì í. Òpó náà rọra fì síta, rélì etí bákónì sì tẹ̀ lé e, ọ̀dà là ní ìdí rẹ̀. Ganíyù fà á padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó yíjú sí mi, mo rí ojú tí mo ti ń fẹ́ rí láti kékeré, ojú Ganíyù tí ìtìjú bá. Kò dùn mọ́ mi rárá.

A tú okùn tí wọ́n fi so àsíá ọdún, a fi de òpó náà mọ́ férémù fèrèsé, a ti ilẹ̀kùn bákónì. Ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ ni Màmá ti wo ìwọ́de lọ́dún náà.

Nígbà tí àlejò ti lọ tán, ó pe àwa méjèèjì sí iwájú àga rẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ganíyù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ̀bi mi ni. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Àkókò ò sí mọ́, ni mo fi pọ́tì dí i. Mo rò pé màá dúró tì í kí ẹnikẹ́ni má fara kàn án, àlejò wá pọ̀, mo gbàgbé."

Mo lè dákẹ́ síbẹ̀. Kò dárúkọ mi. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Ó wá pè mí, Màmá. Mo ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Àti pé kí ẹ tó jáde síta, mo ti mọ̀ pé òpó yẹn ti jẹrà."

Màmá wò mí pẹ́. "O mọ̀, o dúró?"

"Mo dúró, mà."

Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa tún un ṣe. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Tí mo bá gbóhùn ìjà, màá na ẹni tó bá sún mọ́ mi."

Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ la fi ṣe é. A gé ibi tí ikán jẹ kúrò, mo gbẹ́ ẹsẹ̀ tuntun láti inú ìrókò, mo so ó mọ́ òpó àtijọ́ pẹ̀lú ahọ́n àti ihò. Ganíyù gbẹ́ ọnà tó bọ́ lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, láìgbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ò ń jowú mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ó máa ń dùn mọ́ mi ni."

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá, mo jẹ ẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ṣadé ní, "Ọ̀gá Káyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn oníṣẹ́ tuntun sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀." Mo dúró síwájú gbọ̀ngàn, Ganíyù jókòó ní ìlà àkọ́kọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀yìn tí mo fi ti ògiri. Mo ní tí ẹlẹgbẹ́ yín bá pè yín pé kí ẹ wá gbọ́ ohùn igi, ẹ lọ. Tí inú yín bá ń gbóná sí i, ẹ gbé inú gbígbóná náà dání lọ.

Mo parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde, mo tún ẹ̀wù mi ṣe. Ni wọ́n bá rọ́ lọ bá Ganíyù. Wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń kí i pé ó ní sùúrù, pé ẹni rere ni, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè dárí jini báyẹn. Ganíyù ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbà á.

Nǹkan gbígbóná yẹn tún gbéra nínú ikùn mi, ó gun àyà, ó dúró sí ọ̀fun. Mo wo ìlà àwọn tó fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo lọ tò sẹ́yìn wọn.