Ààlà Oko Bàbá Mi Kékeré

Mo rántí bí ilẹ̀ oko wa ṣe le tó lọ́dún tí mo padà sílé. Bí mo bá sọ ọkọ́ sí i, ọkọ́ á dún, á sì ta padà, àfi bí ẹni ń gbẹ́ ojú títì. Bàbá mi ti kú, ó sì fi oko kọfí rẹ̀ tó wà lórí òkè, ní ìwọ̀ oòrùn Atakpamé, sílẹ̀ fún mi. Èmi náà rèé, mo ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe akọ̀wé ní Lomé, àtẹ́lẹwọ́ mi rọ̀ bí ti ìyàwó tuntun. Ìyàwó tèmi kò bá mi wá. Ó ní àwọn ọmọ wà nílé ìwé, kí n lọ wo oko náà fún ọdún kan ná. Ọdún kan yẹn ni mo fi ń tan ara mi jẹ títí ó fi di mẹ́jọ.

Ní abúlé wa, oko tí ewé bá kún ilẹ̀ rẹ̀, oko ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn lọ́dọọdún, tí yóò fọ́n oògùn apakoríko káàkiri, tí yóò sì gbá abẹ́ igi kọfí mọ́ fínnífínní. Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ náà kò rí ewé jíjẹrà kankan jẹ mọ́. Lẹ́yìn tí mo padà dé ni ọkùnrin kan wá bá wa láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kọfí. Ó ní àwọn yóò máa ra kọfí bíò lówó tó sàn, ìyẹn kọfí tí kẹ́míkà kankan kò kàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́ta gbáko sinmi lọ́wọ́ oògùn. Àwa mẹ́rìnlá la fọwọ́ síwèé. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ó ku èmi nìkan. Àwọn yòókù kì í ṣe òmùgọ̀. Koríko bo oko wọn, kọfí kò so, ebi kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo rò pé ẹni tó bá ti mọ̀wé kà, ilẹ̀ á máa gbọ́ tirẹ̀.

Bàbá mi kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá mi, ni olórí àáró wa. Oko rẹ̀ àti tèmi ló pààlà. Ẹni tó bá mọ àáró mọ̀ pé iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́: lónìí, gbogbo wa wà lóko rẹ; lọ́la, ó di oko tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní pọ́ńpù, òwúrọ̀ kan ni wọ́n fi ń pa koríko oko wọn. Oko tèmi tí a fẹ́ fi àdá ro gba ọjọ́ mẹ́rin. Kò dọ́gba. Kí wọ́n tó bá mi sọ ọ́, mo yọra mi kúrò. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń ṣán koríko, tí mò ń tẹ́ ẹ sí ìdí igi, tí mò ń ru èèpo kọfí tó ti jẹrà gun òkè. Nígbà mìíràn, mo lè wà lóko láti àárọ̀ dalẹ́ kí n má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ìdánìkanwà yẹn dùn mí ju ìrora ẹ̀yìn lọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ó ku oṣù méjì kí ọdún mẹ́ta pé ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò dé oko. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo gbọ́ orin àwọn èèyàn láti ọ̀nà ibẹ̀, mo fọwọ́ ti ògiri jáde, mo sì wọ́ ara mi lọ. Òórùn oògùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Gbogbo àáró ló wà níbẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́, bàbá mi kékeré sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú pọ́ńpù lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

“Ọmọ mi,” ó ní, “a ò lè máa wò ọ́ níran kí koríko pa oko bàbá rẹ. A ti bá ọ ṣe é. Má ronú ọjọ́ tí wàá san án.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ ìwé kà. Síbẹ̀ mo la ẹnu mi lójú gbogbo wọn, mo ní, “Ẹ ti pa mí, Bàbá. Ẹ má tẹsẹ̀ yín sí oko mi mọ́ láéláé.” Ó yíjú, ó sì bá ọ̀nà lọ, oògùn tó kù nínú pọ́ńpù ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Nígbà tí ọkùnrin tó ń bá àwọn tó ń ra kọfí yẹ oko wò fi máa dé, koríko tútù ti hù padà, n bá sì lè panu mọ́. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó fa igi lé ọdún mẹ́ta náà nínú ìwé rẹ̀, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Bí èmi àti bàbá mi kékeré bá pàdé lọ́nà, màá ní, “Ẹ kúuṣẹ́, Bàbá,” yóò ní, “Òo,” kálukú á sì máa lọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ fún ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ewé ìdí igi kan, mo rí ekòló, wọ́n pọ̀, wọ́n sanra. Mo gbé orí sókè láti pe ẹnì kan kó wá wò ó, kò sẹ́nì kankan.

Ní ìparí ọdún kẹta, ọkùnrin náà padà wá, ó sì ní òun fẹ́ wo ààlà. Atẹ́gùn máa ń gbé oògùn aládùúgbò wọ oko ẹni, n kò sì lè bá aládùúgbò tèmi sọ̀rọ̀. Ó sọdá sínú oko bàbá mi kékeré, ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kò rí koríko kan tí oògùn sun. Àdá ni wọ́n fi ṣán gbogbo ẹ̀bá ààlà náà, láti òkè dé odò.

“Ta ló ń ro ibí?” ó bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ibi tí àdá ti gé koríko. Apá òsì ni ẹni náà fi ṣán an. Gbogbo abúlé wa, ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo la ní, bàbá mi kékeré ni. Arúgbó tó ní pọ́ńpù nílé ló fi ọdún mẹ́ta ṣán koríko níbẹ̀ pẹ̀lú àdá, kí oògùn rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì tẹ ẹsẹ̀ sí oko mi.

Wọ́n gba kọfí mi. Láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú bàbá mi kékeré fọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì mú un lọ sí ìlú Anié. Mo ní màá lọ bí mo bá kórè tán. Mo kórè tán, mo yan kọfí díẹ̀ fún un, mo sì wọ takísí. Láti Atakpamé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ sẹ́nu.

“Èmi ni, Bàbá,” mo ní nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó mọ ohùn mi. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ mi, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó kan ibi tí àdá ti mú kó yi. “Ààlà ńkọ́?”

“Mo ń ro ó.”

“Tìrẹ ni àbí tèmi?”

“Méjèèjì ni, Bàbá.”

Ó mi orí. “Ẹ̀n-ẹ́n. Àáró nìyẹn.”

Ẹ̀bẹ̀ tí mo tò kò jáde lẹ́nu mi mọ́. Ó kú kí kọfí tó tún tanná.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò padà sí oko. Igbó ti bò ó, kò sẹ́ni tó ń fọ́n oògùn níbẹ̀ mọ́, ààlà náà kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ro ó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dá díẹ̀, mo máa ń mú àdá mi lọ. Màá ro ti ọ̀dọ̀ mi, màá sọdá, màá ro ti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá sì parí, màá jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń retí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tí àáró kàn láti wá.