Eérú Ọṣẹ Lórí Ẹ̀fọ́ Kíkẹ́

Ẹni tí kò bá gbé Àkúrẹ́ lásìkò Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kó bá mi jiyàn. Gàrí gbówó lórí, kẹrosíìnì di ohun tí à ń tò fún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n sì ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró lójoojúmọ́. Adébùsóyè, ọkọ Kíkẹ́, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ já sílẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, akọ̀wé ìjọba. Kíkẹ́ alára jẹ́ ọmọ Oǹdó, ó ń ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì lè bọ́ ọmọ mẹ́rin kọjá ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yìnkùlé ilé tí wọ́n háyà ní àdúgbò Ìsọ̀lọ̀ nílùú Àkúrẹ́ ni obìnrin yìí kọjú sí. Kò rówó ra ajílẹ̀, kò sì lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń kó sínú kòtò títí wọn yóò fi jẹrà. Omi tó fi ṣan ìrẹsì, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń dà á sí. Bẹ́síìnì tó ti lu, ó kó iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, ó gbin àlùbọ́sà eléwé. Bó bá ń já tẹ̀tẹ̀, kì í fà á tu. Orí rẹ̀ ló ń gé kí ẹ̀gbẹ́ lè tún yọ. Igi mẹ́ta-mẹ́rin wà tí kì í fọwọ́ kàn rárá, àwọn yẹn ló ń fi sílẹ̀ kí wọ́n so irúgbìn. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà olóko ẹ̀yìn ṣáláńgá!" Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ṣé àwọn ló ń bá a bọ́ ọmọ ni?

Àfi bí Sístà Mary ṣe wọlé ní Sátidé kan. Ẹ̀gbọ́n Adébùsóyè ni, tó ń ṣòwò ní Òkìtìpupa. Ó wo àwọn ọmọ, ó ṣí ìkòkò wò, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyàwó, Àánú á bá mi lọ." Àánú ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́wàá. "Ọmọ yìí ń jẹun jù fún ohun tó wà nínú ìkòkò yín. Lọ́dọ̀ mi, á máa bá mi tajà, á sì rí jẹ."

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Sístà Mary kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n Kíkẹ́ ti rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan, tí wọn kò fojú kan ilé-ìwé mọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wolẹ̀.

"Sístà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀fọ́ mi ti ń dìde. Bí a bá rí jẹ níbẹ̀, tí a sì rí díẹ̀ tà fi ra gàrí, ẹ jẹ́ kó dúró tì mí."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí n bá dé tí mi ò bá rí nǹkan gidi, kí ẹ ti di ẹrù rẹ̀ o."

Àánú dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì ni kòkòrò ya bo ebè, ewé tẹ̀tẹ̀ sì lu bí asẹ́. Kíkẹ́ ń fọwọ́ ṣà wọ́n láàárọ̀, ó ń ṣà wọ́n nírọ̀lẹ́, bí ó ti ń ṣà ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ìgbà náà ló rántí pé eérú ìdí àdògán ni màmá òun ní Oǹdó máa ń wọ́n sórí ẹ̀fọ́ ní kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé. Sítóòfù kẹrosíìnì ni Kíkẹ́ fi ń dáná. Níbo ló ti fẹ́ rí eérú?

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, bó ti jáde ní ilé-ìwé, ó wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Màmá kò sí nílé, ó ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Awakọ̀ sì ti sọ pé òun ò ní pẹ́ yí padà. Kíkẹ́ sáré wọ ilé ìdáná, ó rí agbọ̀n eérú kan tó kún dẹ́nu, ó bù ú kún àpò, ó sá jáde.

Háà, Kíkẹ́! Ọlọ́ṣẹ ni màmá rẹ̀! Ọṣẹ dúdú ló ń sè, eérú èèpo kòkó sì ló wà nínú agbọ̀n yẹn, eérú líle tó ń sọ òróró di ọṣẹ. Owó ọṣẹ yìí kan náà ni wọ́n fi rán Kíkẹ́ níwèé. Ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí eérú igi dáadáa, ṣùgbọ́n ìkánjú kò jẹ́ kó wo ohun tó ń bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn. Eérú igi pàápàá, bíńtín ni à ń wọ́n, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba Kíkẹ́ kò jẹ́ kó mọ ìwọ̀n. Ó dà á títí gbogbo ebè fi funfun, ó wá gba ilé-ìwé lọ, ó ń kọrin.

Nígbà tó fi dé, ewé ti rọ, etí wọn ti dúdú. Ó fi ìka ra ọ̀kan, ìka rẹ̀ ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó sì ń ta á. Ó gbé e símú. Òórùn ilé ìdáná màmá rẹ̀ ni.

"Mo gbé! Eérú ọṣẹ!"

Ó jókòó sáàárín ebè, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bi í léèrè, ó ní kòkòrò ló jẹ ẹ́ tán. Irọ́ ni, ojú sì tì í débi pé kò lè wo ọkọ rẹ̀ lójú mọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó pọn omi títí èjìká rẹ̀ fi ń ro ó, ó fi ṣan eérú náà kúrò. Gbogbo igi tó jó, títí kan àwọn tó fi sílẹ̀ fún irúgbìn, ló gé kù díẹ̀ lókè ilẹ̀. Ó kó èèpo jíjẹrà sí ìdí wọn, ó fi koríko gbígbẹ bò ó. Ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan. Ọjọ́ karùn-ún, kò sí. Ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan, oorun sì dá lójú rẹ̀. Ọjọ́ keje ni ewé kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan, òmíràn tẹ̀ lé e.

Sátidé pé. Sístà Mary dé.

"Ẹ̀fọ́ náà dà?"

Wọ́n mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ewé tó gùn jù níbẹ̀ kò tó ìka ọwọ́.

"Kòkòrò ló jẹ ẹ́," ni Adébùsóyè wí.

"Kì í ṣe kòkòrò." Kíkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Èmi ni, Bàbá Àánú. Eérú ọṣẹ ni mo fi jó o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á."

Sístà Mary mi orí. "Ó dùn mí, ìyàwó. Ṣùgbọ́n èyí kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni lónìí. Àánú, gbé ẹrù rẹ wá."

Ọmọ náà gbé àpótí rẹ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló dì í, kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Sístà Mary ṣí i kó lè mọ ohun tó yẹ kóun rà fún un. Aṣọ méjì ló wà níbẹ̀, yunifọ́ọ̀mù kan, àti àkísà kan tí wọ́n ta ní kókó.

"Kí ló wà nínú èyí?"

Àánú tú u. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ni, dúdú minijọ, ó kún àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti wá ni mo ti ń gbọn ọ́n pa mọ́, kí ó tó jó," Àánú wí, kò gbójú sókè. "Mo fẹ́ lọ gbìn ín sẹ́yìnkùlé yín ni, Mọ̀mí Òkìtìpupa. Kí n lè máa rí tèmi jẹ, kí n má baà jẹun jù."

Kíkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Sístà Mary wo irúgbìn náà títí, omi lé ròrò sí i lójú. Ó pa àpótí náà dé, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì gbé e lé e lórí.

"Ìyàwó, apá ibo ni eérú yẹn kò dé?"

Kíkẹ́ nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Òun, Sístà Mary àti Àánú kúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n gbìn ín tán kí oòrùn tó mú. Sístà Mary nìkan ló wọ mọ́tò Òkìtìpupa lọ́jọ́ náà.