Awò Idẹ Tí Wọ́n Dá Padà fún Wa

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ lára idẹ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá dàgbà nílé alágbẹ̀dẹ idẹ kò lè mọ òórùn yẹn: ó kan, ó tutù, ó ní eérú nínú, ó sì máa ń dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ahọ́n kan ṣíbí. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ohun tó mú mi dìde lórí ẹní ni pé Bàbá kò sí nílé. Ó ti lọ sí Yoko láti ìjẹta, níbi tí wọ́n ti ń sin àna rẹ̀ kan. Ta ló wá ń fọ idẹ?

Mo yọjú. Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé, ó gbé awò Bàbá Àgbà lé itan, ó ń fi ààbọ̀ ọsàn ha ìdí rẹ̀, ó fún ètè pọ̀ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. Nígbà tó rí mi, ó ní, "Àjíkẹ́, padà lọ sùn. Ẹ̀gbin díẹ̀ ni mo ń yọ."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin yẹn ni mo fẹ́ sọ: ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀gbin, àti ohun tí wọ́n fi gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Sakété nígbà tí àsíá Faransé ṣì ń fẹ́ lórí ilé Kòmáńdà, ẹ ó mọ̀ bóyá mo bù mọ́ ọn.

Awò olójú méjì ni, irú èyí tí àwọn ọ̀gá sójà fi ń wo ọ̀tá lókèèrè. Bàbá Àgbà gbé e bọ̀ láti ogun tí àwọn Faransé kó wọn lọ jà. Kò sọ bó ṣe dọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ìyá Àgbà ló ń tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, bó bá ti kírun tán, á fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí ọ̀nà Pobẹ̀. Á gbé awò sójú, á máa dárúkọ àwọn tó ń bọ̀ lọ́jà kí ojú lásán tó lè mọ̀ wọ́n: obìnrin Ohori tó ru agbọ̀n ata, ọkùnrin Towé tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ bíi pé kẹ̀kẹ́ náà ló ń ṣàìsàn. "Rí àlejò kó tó rí ọ," ló máa ń wí, "ìgbà náà lo ó mọ irú igbá tó yẹ kí o fi bomi fún un." Lẹ́yìn náà á gbé e sí mi lójú. Ọ̀nà á fò wá bá mi lójijì, mo máa ń rí okùn ọrùn ewúrẹ́ tó jìnnà débi pé n kò gbọ́ igbe rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ojú ọkọ òun ló wà nínú rẹ̀. Kì í fi ìyẹn ṣàwàdà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo ti wo inú awò náà. Mo mọ ohun tó máa ń ṣe.

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé àwọn onísinimá dé. Wọ́n kọjá ní gáà, ibùdókọ̀ ojú irin Sakété, láìsọ̀kalẹ̀, wọ́n lọ dó sí Pobẹ̀, nínú ilé àlejò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọ̀pẹ ìjọba. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọjà ti kún fún ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ wọn ń gba ojú ènìyàn. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá yà, ojú rẹ̀ yóò là sí ilẹ̀ Faransé, yóò máa rí inú ilé wọn. Ìyá olọ́ṣẹ kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà mí. Bí ojú mi bá débẹ̀, á bá mi wo iye tí wọ́n ń ta epo wa." Ní lekọ́ọ̀lù, ilé ìwé Faransé, olùkọ́ wa pàṣẹ pé kí a fọ aṣọ wa bóyá wọn yóò wá. Wọn kò wá. Ilé wa ni wọ́n wá.

Mùsíọ̀ Lámídì ló mú ọ̀gá wọn wá. Ọmọ Sakété ni Lámídì, agboolé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ó gbọ́ Faransé, òun sì ni ògbufọ̀ wọn. Láti ìgbà tó ti ń dé akẹtẹ̀ líle bíi ti òyìnbó ni wọ́n ti ń pè é ní Mùsíọ̀, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, kò sì mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni. Òyìnbó náà ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan, títí kan adìyẹ. Ó gbé awò idẹ kan jáde, ó jọ tiwa bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń jọ àbúrò. Lámídì túmọ̀: nínú sinimá wọn, akin kan máa ń gbé awò yìí kọ́rùn nínú igbó, wọ́n ti ya púpọ̀ nínú sinimá náà nílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ohun ìṣeré lásán ni, dígí fèrèsé ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í tàn bí ojú tòótọ́ bí ẹ̀rọ bá sún mọ́ ọn. Wọ́n ti gbọ́ pé a ní èyí tó pé. Ṣé alágbẹ̀dẹ lè tún un ṣe kó má yàtọ̀ sí tiwọn? Wọn yóò fi yàwòrán, wọn yóò sì dá a padà.

Bàbá wo ẹ̀rín òyìnbó náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò ṣe é, òun kò sì ní gba kọ́bọ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé a tà á. Nígbà tí wọ́n lọ, ó sọ fún Ìyá Àgbà pé, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Ìyá Àgbà dáhùn pé, "Kí ló dé tí o fi gbà?" Bàbá ní, "Kòmáńdà ló rán wọn. Ta ló ń kọ̀ fún un?"

Mo jókòó tì í bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí èmi ni Ìyá Àgbà fi ṣọ́ dígí. Bàbá tú ojú awò náà, ó fi òwú wé e, ó gbé e sí mi lẹ́sẹ̀. Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìpẹtà idẹ títí ó fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀, torí ti òyìnbó kò pọ́n, ó ti gbó. Ó rọra fi èéfín ìhá ẹyìn sọ ibi tó yẹ di dúdú. Ó fi awọ ewúrẹ́ bò ó, ó fi òkúta ha awọ náà kó lè dà bí ohun tó ti rìn nínú òjò. Ti òyìnbó ní ibi tó tẹ̀ lápá òsì. Bàbá fi aṣọ wé igi, ó kan án lẹ́ẹ̀kan, tiwa náà tẹ̀. Nígbà tó dá dígí padà sínú rẹ̀, tó gbé méjèèjì sórí ẹní, ó ní kí n mú tiwa. Mo mú ti òyìnbó. Inú rẹ̀ dùn, ó pe gbogbo ilé. Mo ṣì ń rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi jà á lólè.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò fọwọ́ kàn. Nínú ìdílé tiwa, bí wọ́n bá tún ohun òkú ṣe, wọn kì í dán gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n á fi ibi tí ọwọ́ olóhun máa ń bà jù sílẹ̀, kí òkú lè mọ ohun rẹ̀ bó bá wá wò ó. Ní ìdí awò náà, níbi tí àtàǹpàkò Bàbá Àgbà máa ń wà, idẹ ti dú, ó sì ti jẹ wọnú díẹ̀ bí ojú ọlọ. Bàbá yí i padà, ó fi hàn mí, ó ní, "Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ibí ni tiwa."

Wọ́n ti fi ọjọ́ ọjà ṣàdéhùn. Bàbá lọ sí Yoko nítorí ó mọ̀ pé òun yóò ti dé kí ọjọ́ náà tó pé. Lámídì wá ṣáájú ọjọ́ náà, nírọ̀lẹ́.

"Ìyá wa, ẹ kú ilé o."

"Lámídì, káàbọ̀. Ṣebí ọjọ́ ọjà lẹ ní?"

"Òyìnbó ò mọ ọjọ́ ọjà, Ìyá wa. Ọ̀la ló fẹ́ ẹ."

Ó gbé awò náà. Kò wo awọ, kò wo ibi tó tẹ̀, kò gbé e sójú. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí ìdí rẹ̀. Títí dòní ni mo ń bi ara mi léèrè ẹni tó sọ fún un.

"Há! Ẹ̀gbin rèé! Èyí lẹ fẹ́ gbé fún ọ̀gá? Wọ́n á ní àwa ará Sakété kì í wẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀gbin," Ìyá Àgbà ní. "Ọwọ́ ọkọ mi ni."

"Ọwọ́ òkú!" Lámídì bú sẹ́rìn-ín, akẹtẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Ṣé kí n túmọ̀ ìyẹn fún òyìnbó? Kí n ní ìyá àgbàlagbà kan sọ pé òkú ń di awò mú? Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa, ẹ má dójú tì wá."

Bí ó bá jẹ́ pé ó halẹ̀ mọ́ ọn ni, ì bá lé e jáde. Ìtìjú ló fi mú un. Obìnrin tí kì í fi igbá bomi fún àlejò láìtún un ṣan, òun ni wọ́n sọ fún pé ẹ̀gbin ló fẹ́ gbé lé àlejò lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá a lẹ́yìn ilé láàárọ̀, pẹ̀lú ọsàn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù wọn, ti gbé awò méjèèjì lọ sí Pobẹ̀. Nígbà tí Bàbá dé láti Yoko, tó gbọ́, ìbéèrè kan péré ló bi ìyá rẹ̀: "Gbogbo ìdí rẹ̀ pátá?" Ìyá Àgbà ní ó mọ́ tónítóní. Bàbá lọ jókòó sídìí ewìrì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná kò sí níbẹ̀.

Òyìnbó kò wá dá a padà. Lámídì ló gbé ọ̀kan wá, ó ní ọ̀gá ti wọkọ̀ ojú irin padà sí Àjàṣẹ́. Ìyá Àgbà gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó gbé e sójú. Ó wò. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú ara rẹ̀, ó tún wò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà Pobẹ̀ wà níbi tó wà. Kò fò wá bá ẹnikẹ́ni.

Mo ké, "Èyí kọ́! Tiwọn nìyí! Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀!"

Bàbá dì mí lẹ́nu mú. "Ọmọdé kì í pe àgbà lólè." Ṣùgbọ́n Lámídì ló ń wò.

Lámídì ní, "Ẹ gbọ́ ọmọ yín. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pe gbogbo ilé pé kò sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀?" Nígbà náà ló yíjú sí Ìyá Àgbà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òróró. "Ta ló fi ọsàn fọ̀ ọ́, Ìyá wa? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọsàn máa ń pa ojú dígí ni?"

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Pobẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ìloro títí oòrùn fi yẹ̀, kí akọ̀wé kan tó bi í pé àmì wo ló fi lè mọ tirẹ̀. Bàbá gbé e padà wálé. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ láéláé pé àmì tó fọ̀ dànù yẹn ni ì bá gbà wá. Ṣùgbọ́n ilé wa kò rí bákan náà mọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àbúrò rẹ̀ tó máa ń bá Lámídì ta ayò, wọn kò sì jẹun nínú àwo kan náà mọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi náà fura sí àbúrò Bàbá. Mo fura sí gbogbo ènìyàn.

Ìyá Àgbà kò fura sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Láràárọ̀ ló ṣì ń gbé ìkarahun awò yẹn sójú. Ó gbà pé ọkọ òun ló bínú tó kó ojú rẹ̀ lọ, torí òun fọwọ́ ara òun fọ àmì ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ọ̀nà ti jìnnà sí mi, Àjíkẹ́," ló máa ń wí. Nínú ọyẹ́ kan, wọ́n sin ín pẹ̀lú ìgbàgbọ́ yẹn. Kí wọ́n jí awò, olè ni. Kí wọ́n jí i, kí wọ́n sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé arúgbó lórí kó máa rù ú lọ sí sàréè, n kò mọ orúkọ tí ìyẹn ń jẹ́ ní èdè Yorùbá, n kò sì rí i nínú Faransé tí mo kọ́.

Mo kàwé dé yunifásítì ní Dakar. Nínú òkùnkùn ilé sinimá níbẹ̀, n kì í wo ìtàn. Ọwọ́ àwọn òṣèré ni mo máa ń wò. N kò rí awò wa rí. Ẹ̀kọ́ físíìkì ni mo kà, èyí tó dá lórí ìmọ́lẹ̀ àti dígí, òun náà ni mo sì fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Ìkarahun idẹ náà wà lórí tábìlì mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gbé ọsàn wẹ́wẹ́ wọ kíláàsì. Màá la ọsàn, màá fi ha ojú dígí awò gidi kan níwájú wọn, màá sì ní kí wọ́n fi wo ọ̀nà. Ọ̀nà á fò wá bá wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Màdáámù tún ti gbé ọsàn rẹ̀ dé.

Ọmọbìnrin tó ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lọ́jọ́ yẹn kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sójú wọn. Èmi tí mo ní ẹ̀rí, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń fi hàn. Bí wọ́n bá ti jáde tán, tí kíláàsì dákẹ́, tí òórùn ọsàn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìgbà náà ni mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín.

Kì í ṣe ọsàn o, Ìyá Àgbà. Wọ́n jí i ni.