Oògùn Tí Kò Ní Mú Mi Sùn

Bí ẹ bá wọ ọjà Aswani tí ẹ yà sọ́dọ̀ àwa tí a ń ta aṣọ ibùsùn, ẹ ó rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń dorí kodò sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìsíátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Mardiyah ni gbogbo ọjà ń pè é, nítorí ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ bí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Àjíbíkẹ́, ìsọ̀ tèmi ló kángun sí tirẹ̀, mo sì jù ú lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní àǹtí. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ránṣọ. Bí a ṣe pín iṣẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ráhùn nínú wa.

Nígbà tó lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọmọ inú rẹ̀ kò fẹ́ràn ẹ̀rọ ìránṣọ rárá. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta nípàá. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ọ̀lẹ ọmọ nìyí, iṣẹ́ tí yóò jogún ló ti ń bá jà láti inú. Ìsíátù á rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ kan ra ikùn, á fi ọwọ́ kejì ti aṣọ lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ. Ó ti rán aṣọ kékeré aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ dè é láti ara èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà, ó ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ha ọmọ lára.

Lọ́jọ́ kan ó tẹ ẹ̀rọ, ọmọ kò ta. Ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé òwú ló já. Ó parí etí aṣọ tó ń rán, ó ká a, ó kó o sínú ọ̀rá fún oníbàárà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi.

"Àǹtí, ọmọ yìí ò dá mi lóhùn mọ́."

Ohùn tó fi sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tó fi ń tọrọ sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi.

A wọ Màrúwá, ó di ilé ìwòsàn tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Dókítà fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó pe dókítà mìíràn kí òun náà wá wò ó. Nígbà tí àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀, mo ti mọ̀. Mo jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ̀ mí. Ìsíátù ní tirẹ̀ tẹjú mọ́ àwòrán ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lára ògiri. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé aṣọ tí obìnrin inú àwòrán náà ró lòun ń wò, pé wọn kò ká etí rẹ̀ dáadáa.

Abdulmajeed, ọkọ rẹ̀, tó ń ta bẹ́líìtì ní Bọ́ládé, sáré dé. Ìyá Abdulmajeed, Àlhájà Fàósátù, dé lẹ́yìn rẹ̀ láti Èjìgbò. Dókítà sọ fún wa pé ọmọ ti kú sínú, pé ó di dandan kí ìyá rẹ̀ bí i. Mo rò pé a ti gbọ́ èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ní wọ́n lè dúró kí ìrọbí wá fúnra rẹ̀, àmọ́ bó bá pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ ìyá lè bàjẹ́, òun kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Dríìpù wà, ìyẹn oògùn ìrọbí tí wọ́n ń pò mọ́ omi tí wọ́n ń gbé kọ́, tó ń kán wọ iṣan díẹ̀díẹ̀. Dídára rẹ̀ ni pé bó bá le jù, wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹnu ilé ọmọ Ìsíátù ṣì dì pa. Bí wọ́n bá fi dríìpù nìkan sí i, ìrora lásán ni yóò máa jẹ, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Hóró oògùn kékeré kan náà wà, tí wọ́n ń fi sójú ara tàbí sábẹ́ ahọ́n. Èyí ló máa ń mú ẹnu ilé ọmọ rọ̀, tí yóò sì tún pe ìrọbí. Ó lè falẹ̀, wọ́n sì lè ní láti fi òmíràn tẹ̀lé òmíràn, bó bá sì ti yọ́ wọ ara, kò sẹ́ni tó lè fà á padà. Obìnrin tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n láti fún un, kí ilé ọmọ má baà ya. Ìsíátù kò ní ojú àpá kankan, nítorí náà hóró ni dókítà fọwọ́ sí.

Ìsíátù mọ dríìpù. Òun ni wọ́n fi bí Mardiyah nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kọjá. Ó ti sọ fún mi rí pé ìrora dríìpù kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Àlhájà kò fẹ́ dríìpù, kò fẹ́ hóró. Ó ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n mú ìyàwó òun sùn, kí wọ́n gbé òkú ọmọ jáde, kí àwọn ọkùnrin lọ sin ín, kí ìyá rẹ̀ tó jí kó ti parí. Dókítà ní òun kò ní la ikùn alààyè nítorí ẹni tó ti lọ, pé àpá yẹn ni yóò máa da oyún mìíràn láàmú. Àlhájà ní kò burú, kí wọ́n lo hóró, ṣùgbọ́n kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un sùn fọnfọn. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́lájí, tó dúró ti dókítà, ní abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ẹ má pe Àlhájà ní ìkà o. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ìyá kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, kì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, kí ojú má baà máa rí i nínú oyún mìíràn. Wọ́n ti ṣe é fún Àlhájà náà rí. Kí ó tó bí Abdulmajeed, ó bí ọkùnrin kan tí kò ké, àwọn àgbà sì gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ kó tó gbórí sókè. Ó fẹ́ràn Ìsíátù. Aṣọ tí wọ́n fi bo òun lójú ló fẹ́ fi bo Ìsíátù náà lójú.

Nọ́ọ̀sì ni Ìsíátù yíjú sí, kò wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú ẹ̀ ni ò ní mú mi sùn?"

Nọ́ọ̀sì ní hóró fúnra rẹ̀ kì í mú èèyàn sùn, abẹ́rẹ́ ni. Ó ní oògùn ìrora mìíràn wà tí yóò kàn bá a dín in kù díẹ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò mọ̀ lára.

"Ìyẹn ni kí ẹ fún mi. Mo fẹ́ rí i."

Àlhájà wò mí bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ní kí n bá òun bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ẹnu mi kì í gbófo, gbogbo Aswani ló mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà báàgì Ìsíátù ni mo gbé kọ́ èjìká, mo lọ dúró tì í. Abdulmajeed ló bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí ìyàwó òun ṣe é bó ṣe fẹ́. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. N kò rí i kó tako ìyá rẹ̀ rí.

Àlhájà jáde lọ pe Àáfà lórí fóònù. Nígbà tó padà, ó ní Àáfà sọ pé ọmọ tí kò bá ké nígbà tó délé ayé, a kì í kírun sí i lára, a kì í sọ ọ́ lórúkọ. Bí Ìsíátù bá fẹ́, kó wò ó títí, kò ní orúkọ. Ìsíátù dáhùn pé òun ti gbọ́, mà.

Nọ́ọ̀sì gbà kí n wọlé tì í, nítorí kò sí aboyún mìíràn nínú yàrá ìgbẹ̀bí. Wọ́n fi hóró sí i, a jókòó. Wọ́n tún fi òmíràn sí i. Òtútù ń mú un, eyín rẹ̀ ń lura, inú rẹ̀ ń ru. Nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ hóró náà ni, yóò lọ. Mo fi aṣọ bò ó, mo ń ròyìn ọjà fún un, ti obìnrin tó ra aṣọ ibùsùn tó padà wá bá wa jà pé bẹ́ẹ̀dì òun tóbi jù ú lọ. Ó ń sọ pé "ẹn-ẹ̀n", kò sì gbọ́ ọ̀kan. Nínú yàrá kejì, ọmọ ọlọ́mọ kan ké. Ìsíátù fi ọwọ́ di àyà, nígbà tó gbé e kúrò, aṣọ rẹ̀ ti tutù. Omi ọyàn ti dé. Nínú gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀, èyí ló dùn mí jù, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, ẹnu ilé ọmọ ṣí. Ìsíátù kò pariwo. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fi agbára ti ọmọ jáde bí nọ́ọ̀sì bá ṣe ní kó tì. Ọmọ jáde. Nọ́ọ̀sì yára fa aṣọ kó fi bò ó.

"Ẹ má bò ó," ni Ìsíátù wí.

Ó gbé orí sókè. Obìnrin ni ọmọ náà. Irun kún orí rẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Okùn ìwọ́ rẹ̀ yí i lọ́rùn, ó tún yí i, ó fún pinpin. Nọ́ọ̀sì ń tú u jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀, pé kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, kì í ṣe ẹrù tó gbé. N kò mọ̀ bóyá Ìsíátù gbọ́. Ọrùn ọmọ náà ló ń wò.

"Àìná ni," ló wí.

Ẹ mọ ohun tó sọ. Àwọn orúkọ kan wà tí bàbá kì í sọ, tí Àáfà kì í sọ, ọmọ ló ń mú un bọ̀ láti ọ̀run. Èyí tó bá fi ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Èyí tó bá gbé okùn ìwọ́ kọ́rùn, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni, bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní ó gbọ́dọ̀ ké kó tó jẹ́ ẹ. Ká ní wọ́n ti mú ìyá rẹ̀ sùn ni, nọ́ọ̀sì ì bá tú okùn náà, àwọn ọkùnrin ì bá gbé ọmọ lọ, orúkọ rẹ̀ ì bá sì bá a wọlẹ̀.

Ìsíátù ní kí n bá òun mú aṣọ aláwọ̀ ewé náà nínú báàgì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun mú un wá. A fi aṣọ náà wé ọmọ, ó gbé e dání. Kò sunkún. Ó ń fi àtàǹpàkò tọ etí aṣọ náà lọ, bó ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó gbé e fún oníbàárà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí wọ́n wá gbà á.

Mo jáde lọ bá àwọn tó wà níta, mo sọ fún wọn pé obìnrin ni, pé okùn yí i lọ́rùn. Abdulmajeed bọ́ fìlà, ó fi bojú. Àlhájà ló gbé báàgì Ìsíátù títí a fi dé ilé rẹ̀ ní Èjìgbò.

Nígbà tí Ìsíátù padà sọ́jà, Àlhájà ń tẹ̀ lé e wá, ó ń bá a ká aṣọ. Àwọn oníbàárà ń wá kí i. Gbogbo wọn ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Òwe gidi ni, n kò bá àwọn àgbà jà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ láti àárọ̀, inú á máa bí yín sí ẹnu tó ń pa á. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, obìnrin kan tó wá ra aṣọ ibùsùn tún pa á. Ìsíátù kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ.

"Àìná ni omi náà ń jẹ́, mà," ló wí, ó sì ń rán iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Obìnrin náà gba ọjà rẹ̀, ó lọ. Àlhájà tẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan, ó ká a, ó tún tú u.

"Àjíbíkẹ́," ló pè mí, "bóyá Òjó ni tèmi. Mi ò rí i."